Búláńkẹ́ẹ̀tì Mi àti Adìyẹ Ọkọ Mi

Sátidé, Disẹ́ńbà 1983

Láti àárọ̀ ni Bàbá Kúdí, ọkọ mi, ti ń kan pákó àti wáyà mọ́ ilé adìyẹ rẹ̀, nítorí òtútù Amẹ́ríkà níbí àti raccoon, ẹranko bí ológbò tó ń jí wọn gbé lóru. Ó tan gílóòbù fún wọn pé kí ara wọn lè móoru.

Fèrèsé yàrá wa tó fọ́ ńkọ́? Ó ní, "Màá ṣe é."

Ó tún mú búláńkẹ́ẹ̀tì mi lọ bò wọ́n. Tó bá jẹ́ obìnrin ló ń fẹ́ níta, mo mọ ohun tí ǹ bá ṣe. Adìyẹ ni.

Nígbà tó ń kírun Mọ̀gáríbì, mo bẹ̀rẹ̀ wọlé adìyẹ, mo jókòó. Ó móoru níbẹ̀ lóòótọ́. Ibẹ̀ ló wá bá mi.

"Kí lo ń ṣe níbí?"

Mo ní, "Ẹ tilẹ̀kùn, òtútù ń wọlé bá wa."