Bàbá Rẹ Kò Sí Nínú Ti Fóònù

Ọmọ mi ọ̀wọ́n, àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa ni o wà? Ṣé ara le, ṣé ibi iṣẹ́ sì ń tù ọ́ lára? Ọlọ́run ò ní jẹ́ kí o rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà, bí o bá sì ń tẹ ẹ̀rọ ìkọ̀wé yín yẹn, ìka rẹ ò ní rọ. Àwa náà wà, a ń dúpẹ́. Ewúrẹ́ onítìjú yẹn ti bí méjì, àbúrò bàbá rẹ sì ti kan òrùlé ilé rẹ̀ tán, ilẹ̀kùn ló kù, ṣùgbọ́n ó ní kí ni olè fẹ́ wá wò nílé òun. Kùrukùru ṣì máa ń bo odò láàárọ̀, débi pé ẹni tó bá ń gba orí afárá tuntun kọjá á dà bí ẹni tó ń rìn lórí òfìfo, mo sì máa ń jókòó wò wọ́n títí tí oorun á fi gbé mi lọ.

Ohun tó mú mi kọ lẹ́tà yìí nìyí. Nígbà tí o sọ fún wa pé iṣẹ́ rẹ ni kí o mú ìròyìn kan ṣoṣo, kí o ṣe é ní gígùn fún ìwé ìròyìn, kí o tún ṣe é ní kúkúrú fún fóònù, mo sọ fún gbogbo àdúgbò pé télọ̀ ìròyìn lọmọ mi, pé ó ń rán ti àgbà, ó sì ń gé e fún ọmọdé. Wọ́n kí mi kú oríire.

Tíṣà wá mú ìwé ìròyìn tí o kọ ọ̀rọ̀ afárá wa sí wá, ó sì kà á sókè fún wa. Ó gùn tó apá mi láti ìgbọ̀nwọ́ dé orí ìka. Ní ìsàlẹ̀ pátápátá lo wá ti kọ ọ́ pé kí afárá tó dé, atukọ̀ kan fi ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n gbé àwọn ọmọ iléèwé sọdá, kò sì sí ẹyọ ọmọ kan tó bọ́ sómi lọ́wọ́ rẹ̀. Gbogbo wa mọ̀ pé bàbá rẹ ni. Ó kàn ṣí fìlà, ó tún un dé. Àmọ́ lálẹ́ ọjọ́ yẹn ó jẹun tán, ohun tí kò ṣe láti ọjọ́ tí wọ́n ti ṣí afárá.

Ṣùgbọ́n ìwé ìròyìn kan ṣoṣo ló dé ọ̀dọ̀ wa, fóònù ni gbogbo ayé fi kà á. Wọ́n ń yin afárá, wọ́n ń yin àwọn ọ̀gá tó wá ṣí i, ẹnì kan ò dárúkọ bàbá rẹ. Mo wo fóònù tèmi, ìlà mẹ́rin péré ni, bàbá rẹ ò sì sí níbẹ̀. Mo ní bóyá ó ṣì ń bọ̀ lọ́nà ni, torí kò sáré rí láyé rẹ̀. A dúró dè é fún ọjọ́ mẹ́ta.

Lọ́jọ́ kẹrin mo tẹ́ ìwé ìròyìn sórí tábìlì, mo da ojú fóònù dé ibi tí o kọ bàbá rẹ sí, kí ó lè máa fà á mu díẹ̀díẹ̀ bí aṣọ ṣe ń fa omi. Mo jókòó tì í lọ́sàn-án gangan, oorun gbé mi, mo sì lálàá pé bàbá rẹ ń tukọ̀ bọ̀ jẹ́jẹ́ láàárín àwọn ọ̀rọ̀, tó ń fi àjẹ̀ yẹ̀ wọ́n sọ́tùn-ún sósì. Ìgbà tí mo jí, ìlà mẹ́rin yẹn náà ni.

Mo bá gbé fóònù lọ bá ẹni tó ń tún un ṣe. Mo ní bó bá jẹ́ pé àyè ni kò tó, kó bá mi ṣí i díẹ̀ sí i, pé bàbá rẹ ò sanra, igun kan tó o. Ọ̀gbẹ́ni yẹn rẹ́rìn-ín títí omijé fi bọ́ lójú rẹ̀. Ó fi tirẹ̀ hàn mí, tó fẹ̀ bí abọ́ pẹrẹsẹ, bàbá rẹ ò sí níbẹ̀ náà. Ó wá ṣàlàyé fún mi pé láti ìsàlẹ̀ lẹ ti máa ń gé ìròyìn tẹ́ ẹ bá fẹ́ kó wọ fóònù, torí ẹni tó ń ka fóònù kì í ní sùúrù dé ìsàlẹ̀.

Ọmọ mi, ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí. Ẹ̀yìn ọkọ̀ ni atukọ̀ ń jókòó sí. Bàbá rẹ ló ń wọ ọkọ̀ kẹ́yìn, òun ló ń sọ̀ kẹ́yìn, òun náà ló ń jẹun kẹ́yìn nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré. Bó bá jẹ́ ìsàlẹ̀ lẹ ti ń gé, irú bàbá rẹ náà lẹ ó máa gé ṣáá. Télọ̀ gidi sì máa ń tọ́jú ègé aṣọ, níbo lẹ wá kó ègé bàbá rẹ sí?

Kì í lọ sétí odò mọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sùn lọ́sàn-án, ọwọ́ rẹ̀ ṣì ń tukọ̀ lórí ibùsùn, èmi a sì sún sẹ́yìn kí n má baà dí i lọ́nà.

Jọ̀ọ́, bá mi fi owó díẹ̀ ránṣẹ́ fún awò ojú rẹ̀, kó lè fi ojú ara rẹ̀ rí ara rẹ̀ nígbà tó bá wọ inú fóònù. Bó bá ṣẹ́ kù, a ó fi ra ilẹ̀kùn fún àbúrò rẹ̀. Ibi tí wọ́n bá ti ń ka èèyàn kún èèyàn, wọn ò ní yọ ọ́ sílẹ̀. Iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní bọ́ sómi.

Èmi ni ìyá rẹ.

Bàbá rẹ ti jí. Ó bi mí ẹni tí mò ń kọ̀wé sí, mo sì sọ fún un. Ó ní kí n kí ọ, pé òun ò bínú. Ó ní kí n kàn rán ọ létí ohun tí òun máa ń sọ nígbà tí o wà lọ́mọdé: bí ọkọ̀ bá wúwo jù, ẹrù la máa ń sọ̀ kalẹ̀, a kì í sọ atukọ̀ kalẹ̀.