Módẹ́ẹ̀mù Tó Pa Tẹlifóònù Mi Lẹ́nu Mọ́

Gàníyù ọmọ mi,

Mo ru sìmẹ́ǹtì l'Ápápá, mo sùn lórí páálí, kí n tó kọ́lé sí Ìsàlẹ̀ Gángan. Èmi ni mo kọ́kọ́ ní tẹlifóònù ládùúgbò! Mo kí ìyàwó rẹ àtàwọn ọmọ. Ẹ̀jẹ̀ ríru ìyá rẹ ti rọlẹ̀ díẹ̀.

Ṣèyí, ayálégbé wa, ti so módẹ́ẹ̀mù tí o fi ránṣẹ́ mọ́ wáyà tẹlifóònù, kí lẹ́tà lè máa gbabẹ̀ wọ inú kọ̀ǹpútà rẹ̀. Látìgbà náà, o ò pè wá mọ́. Inú kọ̀ǹpútà lò ń kọ̀wé sí, Ṣèyí ló ń kà á sí wa létí. Ìyá rẹ bi mí lánàá pé, "Bàbá Gàníyù, ṣé Ṣèyí ni mo bí ni?"

Ọlọ́run á ṣọ́ ọ. Lọ́jọ́ Jímọ̀ ọ̀sẹ̀ tó ń bọ̀, màá fa módẹ́ẹ̀mù yẹn yọ, èmi àti ìyá rẹ á sì jókòó ti tẹlifóònù.