Aṣọ Tí Mo Ń Dín Kù

Adúmáadán, ọmọ mi ọ̀wọ́n,

Mo kí ọ, mo kí ọkọ rẹ, mo kí àwọn ọmọ. Mo kí ọ kú iṣẹ́ olùkọ́ tí ariwo rẹ̀ kì í tán. Mo gbà á ládùúrà pé kí ìwé yìí bá gbogbo yín lórí ìdúró, kó má bá ẹnikẹ́ni lórí ìdùbúlẹ̀. Èmi náà wà lórí ìdúró, ọ̀rọ̀ ìdúró yẹn gan-an ni mo sì fẹ́ bá ọ sọ.

Mi ò gbàgbé ohun tó o sọ lẹ́yìn tí mo ṣubú lẹ́nu ọ̀nà balùwẹ̀. O ní, “Màámi, oṣù mẹ́ta ni mo fún yín. Tí ẹ ò bá lè dá gun àtẹ̀gùn yìí, ẹ ó wá máa gbé lọ́dọ̀ wa, a ó sì fi maṣíìnì yẹn tọrẹ.” Mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló wà nídìí ẹ̀, àmọ́ ó dùn mí wọra. Ogójì ọdún ni mo ti ń ránṣọ nínú yàrá òkè yìí. Tí wọ́n bá mú mi kúrò níbẹ̀, kí ló kù tí mo jẹ́? Àlejò ní pálọ̀ ọmọ mi.

Ọ̀sẹ̀ tó tẹ̀ lé e ni mo lọ sí ilé ìwòsàn ìsàlẹ̀ òpópónà wa. Nọ́ọ̀sì kan wà níbẹ̀ tí àwa ìyá àgbà ń pè ní Ọ̀gá Dìde. Ó ní kí n jókòó sórí àga, kí n káwọ́ mọ́ àyà, kí n dìde lẹ́ẹ̀marùn-ún. Ìkíní, mo dìde. Ìkejì, mo ké pe Ọlọ́run. Ìkẹta, àfi bíi pé wọ́n fi àtè lẹ̀ mí mọ́ àga.

Ó bi mí bóyá aṣọ mi ti ń tóbi jù fún mi. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní aránṣọ ni mí, ta ló fẹ́ rí aṣọ tó ń fẹ̀ lára mi? Láti ọdún mẹ́rin ni mo ti ń dín gbogbo aṣọ mi kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ àti lápá, tí inú mi ń dùn pé ara omidan ti padà. Nọ́ọ̀sì ò bá mi rẹ́rìn-ín. Ó ní, “Màmá, kì í ṣe aṣọ lẹ ń dín kù yẹn o. Ẹran ara yín ló ń jò, agbára yín sì ń bá a lọ.”

Lẹ́yìn náà ló béèrè nípa oúnjẹ tí mò ń jẹ. Kí ni mo jẹ láàárọ̀? Tíì àti búrẹ́dì. Lọ́sàn-án ńkọ́? Búrẹ́dì tó ṣẹ́ kù. Ẹran inú ìkòkò ńkọ́? Ti àlejò ni. Ṣé o rántí pé nígbà tẹ́ ẹ wà ní kékeré, màá pín àárín ẹja fún yín, màá ní orí ló dùn mọ́ èmi lẹ́nu? Irọ́ ni mo ń pa, ọmọ mi. Ẹ ti dàgbà, ẹ ti lọ, síbẹ̀ ọwọ́ mi ò tíì yéé pín ẹja fún ẹni tí kò sí nílé.

Nọ́ọ̀sì ní ara àgbà nílò oúnjẹ amúaradàgbà ju bí a ṣe rò lọ. Dókítà ibẹ̀ kọ́kọ́ yẹ kíndìnrín mi wò bóyá ó lè gba irú oúnjẹ bẹ́ẹ̀, ó ní kò séwu. Ní báyìí, ẹyin méjì láàárọ̀, ẹ̀wà tàbí ẹja lọ́sàn-án, ẹran tàbí wàrà nírọ̀lẹ́. Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ dá odindi ẹja jẹ, ṣe ni mò ń wo ẹnu ọ̀nà bí olè.

Ní ti eré ìdárayá tí nọ́ọ̀sì ní kí àwa ìyá àgbà máa ṣe, ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti ọjọ́ Ẹtì la ń ṣe é. Mo fi àjákù aṣọ rán àpò kéékèèké, mo rọ yanrìn sí i, òun là ń gbé sókè sílẹ̀. Ọ̀rẹ́ mi Oníbúrẹ́dì ní, “Ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin ń gbẹ́rù bí alágbàáṣe! Ta lo fẹ́ bá jà?” Mo ní àtẹ̀gùn ni. Nígbà tó yá, òun náà tẹ̀ lé mi, àpò tiẹ̀ sì ti wá wúwo ju tèmi lọ.

Má rò pé ó rọrùn o. Ní oṣù kejì, orúnkún dùn mí, mo sùn sílé lọ́jọ́ méjì, mo sì kọ lẹ́tà sí ọ pé kó o máa bọ̀ wá kó mi. Mi ò fi lẹ́tà náà ránṣẹ́; ó ṣì wà nínú àpótí maṣíìnì. Oníbúrẹ́dì ló wá gbá ilẹ̀kùn: “Tó o bá lọ, ta ni màá máa fi ṣe yẹ̀yẹ́ lọ́jọ́ Ẹtì?” Mo dìde, mo wọ bàtà.

Ní Ọjọ́bọ̀ tó kọjá, mo gbé ìdì aṣọ oníbàárà gun àtẹ̀gùn mẹ́tẹ̀ẹ̀tàdínlógún. Mi ò sinmi, ẹnì kankan ò sì fà mí lọ́wọ́. Mo dúró lókè, mò ń mí hẹlẹhẹlẹ, mo bú sẹ́rìn-ín.

Lọ́jọ́ kejì, mo ní kí n wọ aṣọ aláwọ̀ búlúù tí mo fẹ́ fi pàdé rẹ wò. Apá rẹ̀ ò gbà mí. Mo ti ń bínú pé omi ló mú kó súnkì, kí n tó mú tépù. Apá mi ti fi ìdajì ínǹṣì tóbi sí i. Mo jókòó, mo tú ojú rírán tí mo fi dín in kù lọ́dún mẹ́rin sẹ́yìn, omi sì ń dà lójú mi. Ojú abẹ́rẹ́ àtijọ́ ṣì hàn lára aṣọ náà. Mi ò ní bò ó, kó o lè rí i.

Oṣù mẹ́ta á pé lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Máa bọ̀ wá wo ìyá rẹ. Ọlọ́run á ṣọ́ ẹsẹ̀ rẹ lọ́nà, iṣẹ́ ọwọ́ rẹ ò ní já sásán, ìwọ náà á dàgbà, wàá dìde lórí àga láìbẹ ẹnikẹ́ni.

Èmi ni ìyá rẹ tó bí ọ,
Aránṣọ òkè ilé.

Mo fẹ́rẹ̀ẹ́ gbàgbé: màá se ẹja dè ọ́. Àmọ́ má gbé orí rẹ̀ fún mi o. Àárín ni mo fẹ́.