Píkọ́ọ̀pù Tó Ń Bá Ara Rẹ̀ Jà

Màmá mi, ẹ kú ojú lọ́nà mi o.

Ọ̀gá mi ní kí n sọ píkọ́ọ̀pù tó ń fi taya ẹ̀yìn nìkan rìn di èyí tí taya mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ń fà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ iṣẹ́ bọ́. Àṣé mo dojú irin tó ń yí taya iwájú dé. Taya ẹ̀yìn ń lọ, tiwájú ń bọ̀.

Ọ̀gá ní, "Ìwọ ọmọ ilé-ẹ̀kọ́ Pólì, ṣé ìjà lo kọ́ ọkọ̀ ọlọ́kọ̀ ni?"

Mo tú u, mo tún un tò. Lónìí, ó gun òkè ẹlẹ́rẹ̀ bí ewúrẹ́! Iṣẹ́ kò bọ́ mọ́.

Ọlọ́kọ̀ ti wá gbé e, mo sì ti kó ẹrù mi jáde nínú rẹ̀, torí ibẹ̀ ni mo ń sùn. Bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n gbé wá fún àtúnṣe ló kàn. Ilé tuntun mi ní ìjókòó méjìdínlógún.

Ẹ bá mi kí Bàámi.