Ọkọ̀ Oníbẹ́ẹ̀dì Tí O Fi Ránṣẹ́ Sí Wa

Àkọ́bí mi,

Ṣé dáadáa lo wà? Ṣé ara le, ṣé iṣẹ́ ń lọ, ṣé ìyàwó rẹ àti àwọn ọmọ ń jẹun, tí wọ́n ń sùn? Ọlọ́run kò ní jẹ́ kí ẹ rí ohun tó máa dá yín dúró lójú ọ̀nà. Àwa náà ṣì wà, a dúpẹ́. Orí ìwé ni mo kọ èyí sí nítorí mo ti kíyè sí i pé bí mo bá tẹ ọ̀rọ̀ sórí fóònù, ìlà àkọ́kọ́ nìkan lo máa ń kà. Má fo ibì kankan. Ọ̀rọ̀ ojú ìyá rẹ ni, àti ti ọkọ̀ tí o fi ránṣẹ́ sí wa.

O rántí pé nígbà tí ojú ìyá rẹ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣú, tí ilé ìwòsàn ojú dá ọjọ́ fún un, mo ní kí o wá gbé e lọ, nítorí ìrìn wákàtí mẹ́rin ni, ìbàdí rẹ̀ kò sì jẹ́ kó lè jókòó pẹ́. O ní iṣẹ́ wọ̀ ọ́ lọ́rùn. O wá fi ọkọ̀ àtijọ́ tí ìwọ àti ìyàwó rẹ fi ń lọ lo ìsinmi ránṣẹ́, èyí tó ní bẹ́ẹ̀dì lẹ́yìn, tó ní ìdáná, tó ní ibi ìfọwọ́. O ní kí ìyá rẹ dùbúlẹ̀ bí ayaba, kí n máa wà á lọ. Inú wa dùn. Ìyá rẹ gbá inú rẹ̀, ó ta aṣọ sí fèrèsé, ó sì máa ń bọ́ bàtà sílẹ̀ kó tó wọlé. Èmi ò tan ìdáná yẹn rí o, nítorí mi ò tíì rí ẹni tí orí rẹ̀ pé tó ń dáná lẹ́gbẹ̀ẹ́ epo bẹntiróòlù.

Lọ́jọ́ àkọ́kọ́, a rin wákàtí kan gbáko láìsí wàhálà. Lẹ́yìn náà ọkọ̀ wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ó kú. Mo bọ́ sílẹ̀, ìyá rẹ náà bọ́ sílẹ̀ láti na ìbàdí. Mo ṣí ibi ẹ́ńjìnnì, mo bu omi sí i, mo ṣíná, ó dáhùn lẹ́ẹ̀kan náà. Mo ní omi ló gbẹ. A tún rìn díẹ̀, ó tún kú, a tún bọ́ sílẹ̀, mo fi aṣọ nu orí bátìrì, ó tún dáhùn. Mo ní àṣé bátìrì ni. Nígbà tó kú lẹ́ẹ̀kẹta, ìyá rẹ tún bọ́ sílẹ̀, mi ò fọwọ́ kan nǹkan kan, mo kàn bá a sọ̀rọ̀ tútù ni, ó sì gbọ́. Báyìí la ṣe dé ilé ìwòsàn nígbà tí wọ́n ń ti géètì. Akọ̀wé wọn ní ká padà wá lẹ́yìn oṣù mẹ́ta.

Mo sọ fún ọ lórí fóònù. O ní kí n ya fídíò ohun tí ẹ́ńjìnnì ń ṣe. Mo dúró tì í fún ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo gbé fóònù dání bí ẹni gbé àtùpà, àṣé ojú ara mi ni mo ń yà. Bẹ́ẹ̀ ni mo ṣe fi ránṣẹ́ sí ọ. Àwòrán àtàǹpàkò kan lo fi dá mi lóhùn. Mo gbé àtàǹpàkò yẹn lọ bá olùkọ́ àdúgbò wa, ó ní ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé ó dára. Mo bi í pé kí ló dára níbẹ̀, ṣé ojú ìyá rẹ ni àbí ojú tèmi.

O tún fún mi ní nọ́ńbà àwọn tó ń ran ọlọ́kọ̀ lọ́wọ́. Obìnrin kan ló gbé e. Mo kí i, kò dáhùn, mo ní bóyá iṣẹ́ pọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ní kí n tẹ nọ́ńbà kan, mo tẹ̀ ẹ́, ó ní kí n tún tẹ òmíràn, mo tún tẹ̀ ẹ́. Ó wá ní kí n ní sùúrù, pé ìpè mi ṣe pàtàkì sí wọn púpọ̀. Ọ̀rọ̀ yẹn wọ̀ mí lára. Ó sọ ọ́ nígbà mọ́kànlá, mi ò sì gé fóònù náà títí owó inú rẹ̀ fi tán, nítorí ó ti pẹ́ tí ẹnikẹ́ni ti sọ irú rẹ̀ fún mi. Ìyá rẹ bi mí láti inú yàrá pé ṣé ọmọ wa ni. Mo ní rárá, ẹlòmíràn ni.

Mo gbé ọkọ̀ lọ bá mẹkáníìkì tó wà lẹ́yìn báńkì, ẹni tí gbogbo èèyàn ń pè ní Àgbá nítorí ikùn rẹ̀. Ó wà á fún ọjọ́ mẹ́ta, kò wúkọ́ rárá. Èmi náà dá wà á lọ síbi tí wọ́n ti ń la pákó, mo sì bọ̀, ó ń dún bí ọkọ̀ tuntun. Àgbá pààrọ̀ pọ́lọ́ọ̀gì, ó fọ ọ̀nà epo, ó wá ní ká yọ ẹ́ńjìnnì náà dànù ká wá òmíràn. Mo ní orí bíbẹ́ kọ́ ni oògùn orí fífọ́. Ọjọ́ kejì tí wọ́n dá fún wa pé, ìyá rẹ gorí bẹ́ẹ̀dì, a gbéra. Wákàtí kan, ọkọ̀ kú. Ó kú lẹ́ẹ̀mẹfà lọ́jọ́ yẹn, a ò dé ìdajì ọ̀nà, a yí padà.

Ibẹ̀ ni ìyá rẹ ti sọ fún mi pé ìgbàkígbà tí òun bá ti yí ẹ̀gbẹ́ sí apá òsì ni nǹkan náà ń wúkọ́. Mo jágbe mọ́ ọn. Mo ní ṣé ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ ló ń fa epo ni. Mo ní òun fúnra rẹ̀ ni kò fẹ́ rí dókítà, orí rẹ̀ ló ń ba ìrìn àjò jẹ́. Ọ̀rọ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó mọ̀, ẹyin lohùn, ó sì ti fọ́. Fún ọjọ́ mẹ́sàn-án kò bá mi sọ̀rọ̀. Ó ń gbọ́ oúnjẹ mi, ó ń fọwọ́ wá iyọ̀ káàkiri orí tábìlì, kò sì bi mí níbi tó wà. Ìwọ náà ní tìrẹ, o pè, o ní bóyá bí mo ṣe ń wà á ni kò dára.

Lọ́jọ́ kẹwàá ó wọṣọ, ó di apá mi mú, ó ní ká lọ sọ́dọ̀ Àgbá, pé ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ á bá a dákẹ́. Ó sọ fún Àgbá pé kó lọ dùbúlẹ̀ sórí bẹ́ẹ̀dì kí n máa wa ọkọ̀. Àgbá rẹ́rìn-ín, ó ní òun ò tíì gbọ́ pé wọ́n ń fi oorun tún mọ́tò ṣe. Ìyá rẹ ní kó bọ́ bàtà. Ó bọ́ ọ. A ò tíì kọjá ilé epo tó fi yí sápá òsì, ọkọ̀ sì kú. Ó dìde, ọkọ̀ dáhùn. Ó tún dùbúlẹ̀, ó tún kú. Ẹ̀ẹ̀mẹrin la ṣe é láàárín títì, àwọn ọlọ́kọ̀ ń fọn fèrè lé wa lórí, Àgbá ń dìde, ó ń dùbúlẹ̀ bí ẹni tí ibà ń ṣe. Ìyá rẹ jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó ń fi ìka ka iye rẹ̀.

A ká fóòmù kúrò. Pákó tẹ́ẹ́rẹ́ kan la bá lápá òsì, pákó àpótí, èyí tí o fúnra rẹ fi rọ́pò èyí tó kán. Ìṣó tí o fi kàn án gùn ju pákó lọ, ó yọ sí ìsàlẹ̀, ó sì ti ń jẹ wáyà tó ń gbé iná lọ sí ẹ̀rọ tó ń fa epo, ó jẹ ẹ́ títí tó fi kù fọ́nrán díẹ̀. Bí èèyàn bá yí sórí pákó yẹn, wáyà á jáwọ́ lára ara rẹ̀. Bí onítọ̀hún bá dìde, á tún fọwọ́ kan ara. Kì í ṣe omi mi, kì í ṣe aṣọ tí mo fi nu bátìrì, ọ̀rọ̀ tútù mi kọ́. Dídìde ìyá rẹ ló ń jí ọkọ̀ náà.

Ọdún mọ́kànlélógójì ni mo fi ṣe káfíńtà. Mo yẹ gbogbo ohun tí mi ò mọ̀ wò nínú ọkọ̀ yẹn, mi ò yẹ pákó wò. Ó dùn mí dé egungun. Ṣùgbọ́n mo kọ́ ọ, ẹnikẹ́ni ò lè pè ọ́ ní ọmọ tí a ò kọ́. Mo ní kí o máa fi ìṣó wọn pákó kí o tó kàn án, o sì máa ń sọ pé o mọ̀, o mọ̀. Mo bẹ ìyá rẹ. Ó ní òun ti gbọ́. Kò sọ pé òun ti dárí jì mí, mi ò sì béèrè lẹ́ẹ̀mejì.

Àgbá so wáyà, mo kan bẹ́ẹ̀dì tuntun, nígbà tí ọjọ́ kẹta tí ilé ìwòsàn dá fún wa sì pé, ọkọ̀ ò wúkọ́ títí a fi dé. Dókítà yẹ̀ ẹ́ wò, ó ní ojú ọ̀tún ti lọ. Ó ní ká ní a dé lọ́jọ́ àkọ́kọ́ ni, òun ì bá rí nǹkan ṣe sí i. Tòsì ṣì ń ríran bí ẹni ń yọjú lójú ihò kọ́kọ́rọ́, oògùn á fà á síwájú díẹ̀, ṣùgbọ́n kò ní pẹ́. Ó ní kí ìyá rẹ fara balẹ̀ wo ohun tó bá fẹ́ wò kí ọdún yìí tó parí. Nígbà tí à ń bọ̀, ó ń ka àwọn ohun náà fún mi ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Ojú rẹ ló kọ́kọ́ pè. Mo ní kó mú ohun tó wà nítòsí.

Ibí ló yẹ kí n ti béèrè owó. Mi ò béèrè, owó oògùn wà lọ́wọ́ mi. Bí ó bá jẹ́ pé owó ọkọ̀ ni kò jẹ́ kí o lè wá, kọ̀wé, a ó ta ọkọ̀ yìí, a ó fi owó rẹ̀ ránṣẹ́ sí ọ. Má fi fídíò ránṣẹ́, kò lè rí ọ nínú gíláàsì kékeré yẹn mọ́.

Ọlọ́run yóò bù kún ọ. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, orí rẹ á hu ewú. Lọ́jọ́ tí ojú tìrẹ náà bá ń ṣú, àwọn ọmọ rẹ kò ní fi mọ́tò ránṣẹ́ sí ọ. Wọ́n á wá.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.