Ogójì Ìwé Tí Wọ́n Kọ Orúkọ Mi Sí

Apòmù,
Ọjọ́ Ẹtì, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán.

Sí Soliat ọmọ mi ní Èkó,

Mo kí ọ kú ilé, mo kí ọ kú iṣẹ́, mo kí ọ kú ìnáwó Èkó tí kì í sinmi. Ọlọ́run tó fún ọ ní ọwọ́ tí o fi ń kọ̀wé kò ní jẹ́ kí ọwọ́ náà ro ọ́, kò ní jẹ́ kí o kọ ohun tí wàá fi kábàámọ̀, kò sì ní jẹ́ kí onílé rẹ rántí pé owó ilé ṣì lè gòkè sí i. Ara àwa náà le. Òjò ń rọ̀ déédéé, kòkó ń so, ewúrẹ́ ìyá rẹ sì bí méjì. Ọ̀kan jọ ìyá rẹ̀, èkejì fi gbogbo ara jọ òbúkọ Àbídì aládùúgbò wa, bẹ́ẹ̀ Àbídì ti búra pé òbúkọ òun kì í jáde nílé.

Ìwé tí o kọ, tí o fi rán awakọ̀ sí mi, dé ọwọ́ mi ní Ọjọ́bọ̀ ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Mo kí ọ kú oríire. Orúkọ tí o sọ ọ́, Ọmọ Tó Ń Ka Ọkọ̀, dára, nítorí ó ti ní ìṣirò nínú láti òde. Mo sì fẹ́ràn ọmọbìnrin inú rẹ̀ tó ń ta dòdò Ìkirè lẹ́bàá títì, tó ń ka gbogbo ọkọ̀ tó ń kọjá nítorí ó ń wá ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó jáde nílé tí kò padà.

Ṣùgbọ́n mo fẹ́ kí o bá àwọn tó tẹ ìwé náà sọ̀rọ̀. Wọ́n pè ọ́ ní òǹkọ̀wé tuntun. Irọ́ ni. Ìwé kejì lo wà nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ nígbà tí o fi èédú kọ ìtàn yí ògiri ilé ìdáná wa po, mo sì ṣì mọ iye tí mo ra ẹfun tí a fi pa á rẹ́. Wọ́n ní o ń gbé ní Èkó pẹ̀lú ológbò rẹ. Ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gbọ̀n, ológbò ni wọ́n kọ síbi tó yẹ kí orúkọ ọkọ wà. Ìyá rẹ ní kí n bi ọ́ bóyá ológbò náà níṣẹ́ lọ́wọ́.

Nọ́ńbà fóònù rẹ tuntun tí wọ́n tẹ̀ sẹ́yìn ìwé, lókè àwọn ilà dúdú wẹ́wẹ́ yẹn, kò lọ. Mo kà á, mẹ́tàlá ni. Mo ní bóyá ó ti ní ti orílẹ̀-èdè níwájú, àmọ́ tiwa ni méjì, mẹ́ta, mẹ́rin, tìrẹ sì bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú mẹ́sàn-án, méje, mẹ́jọ. Bí o bá ti kó kúrò ní Nàìjíríà, ó yẹ kí ilé gbọ́. Mo pè é lẹ́ẹ̀mẹta, obìnrin kan ń fi Òyìnbó sọ fún mi pé kò sí irú rẹ̀. Kò gba owó lọ́wọ́ mi, nítorí náà n kò bínú sí i.

Wọ́n tún kọ ọ́ pé ìwé náà wà fún ọmọ ọdún mẹ́wàá sí mẹ́rìnlá. Mo mọ irú ìkọ̀wé yẹn, òun náà ló wà lára ìgò oògùn ikọ́. Ẹni ọdún méjìdínláàádọ́rin ni mí, n kò sì fẹ́ kí ohun ọmọdé ṣe mí léṣe. Mo wá ṣe ìṣirò rẹ̀ pé bí ọmọdé bá ń lo ṣíbí kan, àgbàlagbà a máa lo méjì. Láti ọjọ́ kejì ni mo ti ń ka orí méjì lóòjọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn oúnjẹ.

Bí mo ṣe ń lò ó bẹ́ẹ̀ ni mo dé ojú ìwé kọkànlélógójì. Soliat, ara mi bù máṣọ. Ọmọ náà gbé dòdò mẹ́ẹ̀ẹ́dọ́gbọ̀n jáde, ó ta mẹ́tàdínlógún, o wá kọ ọ́ pé ó ku mẹ́sàn-án. Èmi ni mo fi òkúta wẹ́wẹ́ kọ́ ọ ní ìyọkúrò níwájú ilé yìí. O sì ti sọ fún ìyá rẹ lórí fóònù pé ilé ìwé kan ní Ìkirè, níbi tí Tíṣà Jemima ti ń kọ́ni, ra ogójì ìwé náà. Ogójì àṣìṣe nìyẹn, nínú ìlú tí wọ́n ti mọ̀ mí sí oníwọ̀n kòkó. Lọ́jọ́ Ajé, mo ra bírò pupa kan, mo gun ọ̀kadà, mo kọjá sí Ìkirè.

Tíṣà Jemima gbà mí dáadáa. Ọmọ ìjọ Áńgílíkà ni, ẹ̀rín kì í wọ́n lẹ́nu rẹ̀. Ó gbé páálí ìwé sílẹ̀ níwájú mi. Mo ṣí ìkínní, kí n tó dé ojú ìwé kọkànlélógójì mo bá ojú ìwé kẹta pàdé, èyí tí mo fò nínú tèmi nítorí orí kìíní ni mo ti bẹ̀rẹ̀: Fún bàbá mi, Jímọ́ọ̀ Afọláyan, ní Apòmù. Mo ṣí èkejì, bákan náà. Mo ṣí ẹ̀kẹta. Gbogbo wọn.

Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi wà nídìí ìwọ̀n, òfin kan ṣoṣo la sì ní níbẹ̀. Àpò tí wọ́n bá kọ Fún Lágbájá sí lára, Lágbájá ló ni ín. Bí ó bá wà lọ́wọ́ ẹlòmíràn, awakọ̀ ló ṣìnà. Orúkọ mi wà níbẹ̀, orúkọ ìlú mi wà níbẹ̀, ọmọ tó fi ránṣẹ́ wà níbẹ̀. Kí ló kù? Mo yọ káàdì ìdánimọ̀ mi, mo fi han Tíṣà, mo ní kí ó fi wé e. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní háà, Bàbá, ẹ̀yin lẹ ni ín lóòótọ́, ẹ̀yin lẹ ni gbogbo wa níbí. Ọ̀gá ilé ìwé pè é, ó jáde lọ. Èmi kì í gba ọ̀rọ̀ tíṣà ní àwàdà. Mo tọrọ àpò lọ́wọ́ ẹni tó ń gbálẹ̀, mo ń mú wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, mo ń pa mẹ́sàn-án rẹ́, mo ń kọ mẹ́jọ, mo ń sọ ọ́ sápò. Mọ́kàndínlógójì ni mo bá.

Ọ̀kan tó kù nínú ogójì náà, ẹnu ọ̀nà ilé ìwé ni mo ti pàdé rẹ̀, lábẹ́ apá ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Fáìzàh, ọmọ ọdún mọ́kànlá, tó rí tínrín bí igi ìṣáná. Ó kúnlẹ̀ kí mi, ó rí bírò pupa, ó ní ẹ jọ̀ọ́ Bàbá, kí lẹ fi ṣe. Mo ṣàlàyé ìyọkúrò fún un. Ó gbé ìwé tirẹ̀ sẹ́yìn, ó ní ẹ má bínú sí mi o, mẹ́jọ ni nínú ìṣirò, mẹ́sàn-án ni nínú ìtàn. Mo ní irú ìtàn wo nìyẹn. Ó ní kí n kà á dé orí kẹsàn-án. Ó wá bi mí pé orí kelòó ni mo dé, mo ní orí keje. Ó ní Bàbá, ṣé èèyàn lè ni nǹkan kó má mọ ohun tó wà nínú rẹ̀ ni? Mo fi tirẹ̀ sílẹ̀ fún un, mo gun ọ̀kadà, mo sì san irinwó náírà lórí ẹrù, nítorí ọlọ́kadà ní àpò náà wúwo ju ìyàwó òun lọ.

Ìyá rẹ wo àpò, ó wò mí. Ó ní Bàbá Soliat, ṣé ìwé kan náà ni gbogbo rẹ̀. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní nígbà tí ẹ bá ka ọ̀kan tán, ṣé ẹ ó tún ka èkejì wò ni, bóyá ẹni tó ṣubú níbẹ̀ ti dìde?

Ọ̀rọ̀ ọmọ yẹn kò jẹ́ kí n jẹ iyán mi tán. Mo mú ìwé tèmi, mo ka orí kẹjọ àti ìkẹsàn-án ní ìjókòó kan. Mo mọ̀ pé ó ju ìwọ̀n lọ, ṣùgbọ́n òòyì kò kọ́ mi. Orí kẹsàn-án ni mo ti rí i pé ẹnì kan ló yọ́ fi ẹyọ kan sínú àwo ọmọ náà, tí kì í ṣe dòdò, tó jẹ́ ìwé kékeré tí bàbá rẹ̀ kọ nọ́ńbà ọkọ̀ sí. Ẹ̀kẹsàn-án nìyẹn. Mo jókòó. Mo ti fi bírò igba náírà pa bàbá ọlọ́mọ rẹ́ nínú ìwé mọ́kàndínlógójì.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun, Tíṣà Jemima dé, kò sí ẹ̀rín lẹ́nu rẹ̀ mọ́. Ó ní owó tí àwọn òbí dá ni òun fi ra ìwé, àwọn òbí sì ń bọ̀ ní Ọjọ́bọ̀ láti wá fojú rí i. Ó ní bí wọn kò bá bá a, wọn yóò ní òun tà á, iṣẹ́ òun yóò sì lọ síbẹ̀. Mo ní ṣebí ìwọ lo ní èmi ni mo ni ín. Ó ní Bàbá, bí ẹ̀yin Mùsùlùmí bá ń ṣe sàráà, tí ẹ ní fún bàbá mi ni, ṣé bàbá yín ló ń kó gbogbo mọ́sà náà jẹ ni? Ṣé kì í ṣe aládùúgbò lẹ ń pín in fún, tí bàbá yín wá ń gba orúkọ àti àdúà? Fún tí Soliat kọ nìyẹn.

Soliat, orí mi wú. Sàráà fún bàbá mi. Mo bi í pé ta ló sọ fún ọ pé mo ti kú. Ìyá rẹ rẹ́rìn-ín títí omi fi ta á lórí, ó ní òkú wo ló ń gbé àpò ìwé gun ọ̀kadà. Tíṣà ní wọ́n ń ṣe é fún alààyè náà, ní Èkó. Mo rò ó wò. Mo ní ó dára, bí ó bá jẹ́ sàráà tèmi ni, tí mo sì wà láyé, ọwọ́ mi ni n ó fi pín in. N kò sọ fún Àlùfáà wa o, nítorí bí ó bá gbọ́, yóò gba owó àdúà tí kò ṣe.

Lọ́jọ́rú mo kó wọn padà. Mo jókòó sí iwájú kíláàsì, mo ń pa mẹ́jọ rẹ́, mo ń kọ mẹ́sàn-án padà, mo sì ń fọwọ́ sí i lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, nítorí nínú ìwé ìwọ̀n, ẹni tó bá pa nọ́ńbà rẹ́ gbọ́dọ̀ fọwọ́ sí i. Ni inú àwọn ọmọ bá ń dùn pé wọ́n fọwọ́ sí ìwé àwọn. Tíṣà ní ní Èkó àwọn èèyàn ń tò nítorí ìyẹn. N kò mọ̀ pé àṣìṣe yín pọ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìwé nìkan kì í ṣe sàráà, ẹnu gbọ́dọ̀ jẹ nǹkan, mo ti ra ogójì dòdò ní ẹ̀bá títì. Mo ń pe orúkọ ọmọ, mo ń fi ìwé àti dòdò lé e lọ́wọ́, mo ń ní gba sàráà Jímọ́ọ̀ Afọláyan, wọ́n ń ní kí Ọlọ́run gbà á, kí ẹ̀mí yín gùn, kíláàsì ń ṣe àmín. Fáìzàh tò sẹ́yìn gbogbo wọn. Mo ní ìwọ ti ní tìrẹ, èyí tí n kò fọwọ́ bà. Ó na ìwé náà sí mi, ó ní kí n gbà á ná, kí n wá fún òun padà, nítorí òun kò fẹ́ kí tòun jẹ́ èyí tí òun fi agídí mú. Mo gbà á. Mo fún un. Àmín tirẹ̀ ló ròkè jù.

Àwọn òbí wá lánàá, wọ́n bá ogójì ìwé pé, iṣẹ́ Tíṣà Jemima sì wà níbẹ̀.

Ìnáwó ìyẹn, sàráà tìrẹ ni, ìwọ ló kàn. Ọ̀kadà ní àlọ àti àbọ̀ ẹ̀ẹ̀mejì pẹ̀lú ẹrù, ẹgbẹ̀rìndínlógún náírà. Dòdò, ẹgbẹ̀rún mẹ́jọ ni wọ́n pè é, mo ná an sí ẹgbẹ̀rún méje àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀ta. Bírò, igba. Ẹgbẹ̀rún mẹ́wàá àti ẹ̀ẹ́dẹ́gbẹ̀rún náírà ni gbogbo rẹ̀, ohun tí ológbò rẹ bá sì gbà ọ́ láyè, fi lé e. Má fi ránṣẹ́ sínú fóònù ìyá rẹ, fóònù náà ti kún, òun fúnra rẹ̀ ló ń kọ ọ́ síta pé kò sí àyè mọ́. Awakọ̀ ni kí o fi rán. Bí o bá sì pè, má sọ bí ìtàn náà ṣe parí, orí kẹrìndínlógún ni mo wà.

Ọlọ́run yóò bá ọ mú ọkọ gidi wá. Ìwé rẹ yóò máa rí ẹni rà á. Wàá dàgbà, wàá darúgbó, ọmọ rẹ yóò ṣe sàráà fún ọ lójú ayé rẹ, wàá jókòó síbẹ̀, wàá sì fi etí ara rẹ gbọ́ àmín rẹ̀.

Èmi ni bàbá rẹ tó wà láàyè,
Jímọ́ọ̀ Afọláyan.