Hóró Oògùn Tí Mo Gé Sí Méjì

Bàbá mi àtàtà,

Mo gé oògùn Ráyọ̀ sí méjì, bí ẹ ṣe máa ń gé tiyín. Ohun tí ẹ̀rù ń bà mí láti sọ fún yín nìyẹn. Lọ́jọ́ Sọ́ńdè, bí mo ṣe ń di irun fún un, ó ṣubú mọ́ mi lẹ́sẹ̀, ó ń gbọ̀n, ojú rẹ̀ yí sókè.

Wárápá ló ń ṣe é, Bàbá. Ọmọ-ọmọ yín tí ẹ kò rí, ọmọ ọdún mẹ́rin. Ẹ̀yin nìkan ni mo lè dárúkọ rẹ̀ fún. Bí mo bá sọ ọ́ nínú ilé tí a wà yìí, àwọn alájọgbélé wa ò ní jẹ́ kí àwọn ọmọ wọn bá a ṣeré mọ́.

Odidi hóró kan láàárọ̀, odidi kan lálẹ́, ohun tí dókítà sọ nìyẹn. Ṣùgbọ́n nígbà tí oògùn náà tún gbówó lórí ní kẹ́míìsì tí mo ti ń rà á ní Pẹ́dírò, mo mú abẹ tí ẹ fi ń gé pépà ní ṣọ́ọ̀bù ìtẹ̀wé yín, mo là á sí méjì kó lè tọ́jọ́. Oṣù méjì ni mo fi ṣe é. Ara ọmọ dá, mo sì ń yin ara mi.

Ṣé ẹ mọ̀ pé ìdajì kò tó? Mo ṣì ń rí yín lẹ́bàá fèrèsé, íǹkì nínú èékánná yín, tí ẹ ń gé oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru, tí ẹ ń fi ìka lá ìyẹ̀fun rẹ̀ kí ó má ṣòfò. Ọdún tí mo fẹ́ ṣe Wáẹ́ẹ̀kì ni. Ṣé torí owó ìdánwò mi ni? Nígbà tí apá ọ̀tún yín rọ, tí ẹ sì fi ayé sílẹ̀, mi ò so ọ̀kan mọ́ èkejì.

Ní Mọ́ńdè mo gbé e lọ sílé ìwòsàn ìjọba ní Bàrígà. Nọ́ọ̀sì àgbà kan bi mí iye tí ọmọ ń jẹ. Mo kọ́kọ́ purọ́. Ó tún bi mí, mo bú sẹ́kún. Kò bú mi. Ó ní láti ìgbà tí ìjọba alágbádá tí ẹ̀yin ò dúró rí ti dé, àwọn ti ń ra oògùn yẹn lọ́pọ̀, èyí tí kò ní orúkọ ńlá lára. Iye tí mo fi ń ra ti oṣù kan ní Pẹ́dírò á ra ti oṣù mẹ́ta níbẹ̀. Ó kà á sínú àpò pépà funfun kékeré fún mi.

Kò ní páálí, Bàbá. Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi kí n máa fi èékánná họ lẹ́tà ara páálí oògùn, kí n wò ó bóyá àwọ̀ pupa ta kọjá ìlà, torí ẹ mọ àwọn tó ń wá bẹ̀ yín ní Ṣómólú pé kí ẹ bá wọn tẹ páálí ayédèrú. Ẹ máa ń lé wọn jáde ni. Kí ni kí n wá họ lára èyí? Mo bi nọ́ọ̀sì náà, ó wò mí tìtì.

“Ìyá Ráyọ̀, ṣé páálí lẹ fẹ́ kí ọmọ jẹ ni?”

Àwọn obìnrin orí bẹ́ǹṣì rẹ́rìn-ín. Èmi náà rẹ́rìn-ín. Ó ní ohun kan náà ló wà nínú méjèèjì. Mo gbà á gbọ́. Mi ò gbà á gbọ́.

Láti ìrọ̀lẹ́ àná, odidi ni mò ń fún un. Mò ń ṣọ́ ojú rẹ̀ bí ẹni ń ṣọ́ ògì lórí iná. Ó ń sun oorun ọ̀sán lọ́wọ́ báyìí, ó ń mí jẹ́jẹ́. Mo ti fi pépà wé abẹ yín, mo gbé e sókè àjà. Mi ò lè jù ú nù. Bàbá Ráyọ̀ kò tíì mọ̀ pé mo gé nǹkan kan. Màá sọ fún un tó bá tibi iṣẹ́ dé.

Bó bá jẹ́ èmi ni mo ṣe ọmọ mi léṣe, ẹ sọ ọ́, màá gbà. Ṣùgbọ́n ṣé kí n máa fún un ní èyí tí kò ní páálí yìí lọ? Aago méje alẹ́ ni yóò lo òmíràn. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ tètè dá mi lóhùn.

Èmi ni,
ọmọ yín tó fẹ́ràn yín, tí ẹ máa ń rán lọ ra abẹ.